Kí ló pa àwọn ọlidé àtijọ́ Britain, báwo sì la ṣe ń ṣírò ọjọ́ wọn?

Kàlẹ́ńdà_Àtijọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń to kàlẹ́ńdà àwọn ọdún Britain tó ti di ìgbàgbé: Oak Apple Day, Plough Monday, Hocktide, Michaelmas (ọdún Máíkẹ́lì áńgẹ́lì), Whit Monday (Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Pẹ́ńtíkọ́sì). Ohun méjì ló ń dí mi lọ́wọ́. Ìwé kan á fún mi ní ọjọ́ kan, òmíràn á fi ọjọ́ mọ́kànlá lé e. Èkejì, wọ́n kàn ń sọ pé àwọn ọdún náà pa rẹ́ ni, wọn kì í sọ ohun tó pa wọ́n rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ọ̀pìtàn_Òfin:
Oak Apple Day ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí òfin ló bí i, òfin náà ló sì pa á. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Charles Kejì ní Worcester, 3 oṣù Kẹsàn-án 1651, orí igi óákù kan ní Boscobel, ní Shropshire, ló sá pamọ́ sí. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1660 ló padà wọ London gẹ́gẹ́ bí ọba, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ilé aṣòfin pàṣẹ pé kí ìjọ gbogbo máa ṣe ìsìn ìdúpẹ́ lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún. Àwọn aráàlú á fi ewé óákù sí fìlà tàbí sí àyà aṣọ. Ẹni tí kò bá fi sí i, àwọn ọmọdé á fi ewé kan tó ń jóni bí èsìsì nà án lẹ́sẹ̀.

Òfin 1859 ló fagi lé ìsìn náà. Òfin yìí kan náà ló yọ ìsìn 30 oṣù Kìíní, ìyẹn ìrántí Charles Kìíní tí wọ́n bẹ́ lórí, àti ìsìn 5 oṣù Kọkànlá, ìrántí ète 1605 tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé aṣòfin, tó sì já. Ṣùgbọ́n 5 oṣù Kọkànlá ṣì wà láàyè títí dòní, torí iná dídá àti ẹ̀tù yíyìn ti di ti aráàlú, kò nílò òfin mọ́. Oak Apple Day náà kò kú tán. Ní Great Wishford, Wiltshire, wọ́n ṣì ń jí wọ igbó Grovely lọ gé ẹ̀ka igi, nítorí ìwé 1603 tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí igi ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀tọ́ bá ti rọ̀ mọ́ ọdún, ọdún náà kì í tètè parun.

Onírúurú_Ọjọ́:
Ti ọjọ́ mọ́kànlá ni kí n dáhùn. Lọ́dún 1752, Britain fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ (Julian) sílẹ̀, ó bọ́ sí tuntun (Gregorian): lẹ́yìn Ọjọ́rú 2 oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè ní 14. Ibẹ̀ ni Michaelmas ti di méjì: 29 oṣù Kẹsàn-án ni ti tuntun, 10 oṣù Kẹwàá ni ti àtijọ́. Ẹ má fi mọ́kànlá lé gbogbo ọjọ́ o. Oak Apple Day dúró sí 29 oṣù Karùn-ún.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa fi mẹ́tàlá kún un, torí pé mẹ́tàlá ni ìyàtọ̀ kàlẹ́ńdà méjèèjì lónìí. Mọ́kànlá ni tẹ́lẹ̀, ó di méjìlá ní 1800. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì dúró síbi tó wù ú. Burghead, ní Scotland, ń dáná Clavie (àgbá ọ̀dà tó ń jó) fún ìparí ọdún àtijọ́ ní 11 oṣù Kìíní: mọ́kànlá nìyẹn. Àfonífojì Gwaun ní Wales ń ṣe ọdún tuntun àtijọ́ ní 13 oṣù Kìíní: méjìlá nìyẹn.

Nínú ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú 1752, 25 oṣù Kẹta ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, "30 oṣù Kìíní 1648" ni wọ́n kọ fún ikú Charles Kìíní tí àwa ń pè ní 1649. Scotland ti kúrò nínú ìyẹn láti 1600.

Àwọn tó ń sún kiri: Plough Monday ni Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn 6 oṣù Kìíní (bí 6 bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ti ọ̀sẹ̀ kejì ni kí ẹ mú). Hocktide ni Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Whit Monday jẹ́ àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Láti 1971 ni òfin ti fi Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún rọ́pò rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní 2025, 26 oṣù Karùn-ún ni ọlidé, 9 oṣù Kẹfà ni Whit Monday. Ní 2026, àwọn méjèèjì bọ́ sí 25 oṣù Karùn-ún.

Àpò_Ìjọ:
Òfin nìkan kọ́, ẹ̀yin ará. Ẹ wo ọ̀nà tí owó ń gbà. Ní Hocktide, àwọn obìnrin á fi okùn dè àwọn ọkùnrin lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ó di tàwọn ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n bá mú á sanwó kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, owó náà á sì lọ sápò ìjọ. Nínú ìwé ìṣirò àwọn ìjọ, owó tàwọn obìnrin pa ló sábà máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí àtúnṣe ìsìn dé ní ọ̀rúndún 16, ọ̀nà owó yìí dí, ọdún náà sì gbẹ. Hungerford, ní Berkshire, ṣì ń ṣe é, torí ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ àwọn tó ní ẹ̀tọ́ ẹja pípa àti pápá ìjẹko ń jókòó.

Plough Monday rí bákan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ oko á máa wọ́ ohun èlò ìtúlẹ̀ láti ilé dé ilé, wọ́n ń tọrọ owó. Bí onílé bá kọ̀, wọ́n lè tú iwájú ilé rẹ̀. Fìtílà inú ìjọ ni wọ́n ń fi nínú owó náà tàn, kí Henry Kẹjọ tó fòfin de irú fìtílà bẹ́ẹ̀ ní 1538. Lẹ́yìn náà ó di owó àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, àwọn aláṣẹ sì wá ń pè é ní agbe ṣíṣe. Ní Whittlesey, ní Cambridgeshire, ọlọ́pàá dá béárì oníkoríko (ọkùnrin tí wọ́n fi koríko gbígbẹ wé), tó ń jáde lọ́jọ́ kejì Plough Monday, dúró ní 1909. Ó padà ní 1980.

Kàlẹ́ńdà_Àtijọ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé kan náà ni ní Scotland?

Onírúurú_Ọjọ́:
Rárá o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 25 oṣù Kẹta, 24 oṣù Kẹfà, 29 oṣù Kẹsàn-án, 25 oṣù Kejìlá. Ní Scotland, Candlemas, Whitsun, Lammas àti Martinmas ni: 2 oṣù Kejì, 15 oṣù Karùn-ún, 1 oṣù Kẹjọ, 11 oṣù Kọkànlá (Whitsun ti ìṣákọ́lẹ̀ yìí kì í sún kiri bí Whit Monday). Òfin 1990 sì ti sọ gbogbo ti Scotland di ọjọ́ 28 nínú oṣù Kejì, Karùn-ún, Kẹjọ àti Kọkànlá, nítorí náà ẹ kọ déètì méjèèjì sí i.