Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè gbọ́ ohùn ara mi tí mo bá ń lo redíò láti ọ̀nà jíjìn?

Ọ̀nàjíjìn:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà orí afẹ́fẹ́. Redíò ham mi (èyí tí àwa tó fẹ́ràn redíò fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́) àti àńtẹ́nà rẹ̀ wà níbì kan, èmi wà níbòmíràn, íntánẹ́ẹ̀tì ló so wá pọ̀. Redíò Icom tó ní ihò LAN, ihò okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń darí rẹ̀, máìkì USB ni mo sì ń sọ̀rọ̀ sí. Mò ń gbọ́ àwọn ẹlòmíràn dáadáa. Ohùn tèmi gan-an ni mi ò mọ bó ṣe ń rí tó bá dé òfuurufú. Nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ẹnì kan ní ó mọ́ gaara, ẹnì kejì ní ó há, ẹnì kẹta ní ó ń já láàárín ọ̀rọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Tí mo bá jókòó ti redíò yẹn, MONI ni mo máa ń tẹ̀ kí n lè gbọ́ ara mi nínú hẹ́dífóònù. Mo dán an wò láti ọ̀nà jíjìn, ohùn mi ń pẹ́ kó tó padà dé etí mi, ni ahọ́n mi bá ń lọ́ mọ́ra. SSB, ọ̀nà ìfohùnránṣẹ́ tí kì í gba àyè púpọ̀ lójú ìgbì, ni mo ń ṣe jù, lórí mítà 20 àti 40 (bí ìgbì náà ṣe gùn tó nìyẹn). Kí lẹ̀yin ń lò? Ṣé kí n gbé SDR kékeré kan (redíò ìgbọ́hùn tí ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀) síbi tí redíò wà ni, àbí ọ̀nà tí kò náni lówó wà?

Bàbá Wáyà:
Àbúrò, kọ́kọ́ pa MONI yẹn ná. Ohun tó ń ṣe ahọ́n rẹ kì í ṣe tìẹ nìkan. Láti bí ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé tí ohùn ènìyàn bá padà sí i létí lẹ́yìn nǹkan bíi 200 ms (ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá), á máa fa ọ̀rọ̀, á máa kólòlò, bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó. Àlọ àti àbọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àkókò tí kọ̀ǹpútà fi ń kó ohùn jọ kó tó fi ránṣẹ́, sábà máa ń bọ́ sí sàkáání ibẹ̀ gan-an. Kò sí bí o ṣe lè fi agídí borí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ máa gbọ́ ara rẹ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, ọ̀pọ̀ máìkì USB ló ní ihò hẹ́dífóònù lára. Ki hẹ́dífóònù rẹ bọ ibẹ̀, wà á gbọ́ ara rẹ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ohùn tí ò ń gbọ́ níbẹ̀ kò tíì kúrò lórí tábìlì rẹ o. Kò lè sọ nǹkan kan fún ọ nípa ohun tó dé àńtẹ́nà.

Etí Ìgbì:
Bàbá ti sọ ọ́. Èmi kì í gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ kí n sì máa ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo máa fi máìkì yẹn kan náà gba ohùn mi sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ó ní àmì ìdánimọ̀ mi nínú. Lẹ́yìn náà, mo máa fi virtual audio cable (ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohùn láti inú ètò kan sí òmíràn) darí fáìlì náà sínú ètò tí mo fi ń darí redíò, kó máa rò pé máìkì ni. Ẹnu mi ti dákẹ́ nìyẹn, etí mi ráyè. Bí ohùn náà bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì pẹ́, kò kàn mí.

Ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ ni WebSDR Yunifásítì Twente ní Nẹ́dálándì tàbí KiwiSDR kan, SDR tí ènìyàn lè fi gbọ́ ìgbì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì. KiwiSDR ń gbọ́ láti 10 kHz dé 30 MHz, ó sì wà káàkiri ayé. Ẹ má mú èyí tó súnmọ́ redíò yín jù lórí mítà 20 o, nítorí ìgbì á fò ó kọjá, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó wá rò pé redíò ti kú. Ẹ la asẹ́ rẹ̀ (filter) sílẹ̀ dé 4 kHz, ẹ pàṣẹ kó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì máa wo waterfall, àwòrán tó ń fi ìgbì hàn bó ṣe ń lọ. Ohùn SSB tó bá ti ń fẹ̀ ju 3 kHz lọ, tó ń ta sí ara aládùúgbò, ojú á rí i kí etí tó gbọ́ ọ.

Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹnikẹ́ni lójú ìgbì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ Àńtẹ́nà:
Ẹ̀gbọ́n Etí Ìgbì, èmi náà ń lo WebSDR, àmọ́ mi ò ní fi ṣe òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe rí. Ohùn tó ti lọ sókè tó tún padà wá ti ní àyídà. Ó lè rẹlẹ̀ kó tún ròkè láàárín gbólóhùn kan, AGC tọ̀hún, ohun tó ń fúnra rẹ̀ ṣe ìwọ̀n agbára ohùn, á wá máa fà á sókè sódò. Ó dára fún kí ènìyàn mọ̀ bóyá òun ń jáde àti bóyá òun ń fẹ̀ jù. Bóyá ohùn há tàbí kò há, nítòsí la ti ń gbọ́ ìyẹn.

Ọ̀nàjíjìn, SDR kékeré níbi tí redíò wà, mo fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Wátì 100 jẹ́ +50 dBm (òṣùwọ̀n agbára ìgbì). RTL-SDR, irú SDR kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ ihò USB, kò gbọdọ̀ rí ju nǹkan bíi +10 dBm lọ, kódà kó tó débẹ̀ rárá ni á ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ohùn tó há, ẹ ó lọ tú gbogbo redíò palẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé SDR gan-an ló ń há. Ẹ má so ó mọ́ àńtẹ́nà gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀. Wáyà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ ti tó. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ so nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹ pa AGC rẹ̀, ẹ máa dín gain rẹ̀ (bó ṣe ń fi agbára kún ìgbì) kù díẹ̀díẹ̀ títí àwọn ìgbì tó ń hù lọ́tùn-ún lósì lórí waterfall á fi parẹ́. Èyí tí kò bá parẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiyín lóòótọ́.

Ẹ tún wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á: ọ̀pọ̀ RTL-SDR ló jẹ́ pé láti nǹkan bíi 24 MHz ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò lè gbọ́ mítà 20 yín. V3 àti V4 ti RTL-SDR Blog lè gbọ́ HF, sàkáání ìgbì tí mítà 20 àti 40 wà.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò: kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún ni kó gba ohùn SDR náà sílẹ̀, kí ẹ wá fa fáìlì rẹ̀ wálé. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn bó ṣe ń lọ, ohùn yín ti rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àlọ àti àbọ̀. Tó bá já, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àlọ ló ti já, èyí tí gbogbo ayé gbọ́, àbí àbọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ.

Dídàdídà:
Ẹ̀yin oníSSB ẹ kú wàhálà. Àwa oníCW, tí à ń fi Morse sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wa ló ń pe dí-dà sí wa létí, a kì í dúró de èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fi sidetone (ìró dí-dà yẹn) tó ń pẹ́ tẹ Morse á mọ ohun tí Bàbá ń wí nípa ahọ́n. Ọwọ́ náà ń kólòlò.

Ọ̀nàjíjìn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Kí n tó ná owó, ṣé kò sí bí redíò fúnra rẹ̀ ṣe lè gba ohùn mi sílẹ̀? Àti pé ohùn tó há àti ohùn tó ń já yìí, ṣé àìsàn kan náà ni?

Bàbá Wáyà:
Ó wà. Àwọn Icom bíi IC-7300 àti IC-7610 lè gba ohùn tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sórí káàdì SD. Wọ inú ètò ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, wo ibi tí wọ́n kọ TX REC Audio sí, ibẹ̀ lo ti ń yan irú ohùn tó ń jáde tí yóò gbà. Direct ló máa ń wà. Gbé e sí Monitor, ohùn tí MONI ń gbé wá sí ọ létí. Káàdì wà lọ́hùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n o lè ní kí redíò lù ú fún ọ, tàbí kí ẹni tó wà nítòsí bá ọ yọ ọ́. Mọ̀ pé Monitor kò dé ìdí redíò: bí àńpìlìfáyà bá ba ohùn jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sí nínú fáìlì yẹn. Ibẹ̀ ni SDR ọmọ mi Ọmọ Àńtẹ́nà ti wúlò.

Àìsàn méjì ni. Èyí tó ń já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ló ń fi UDP, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbé ohùn, packet (ègé ohùn kékeré) tó bá sọnù ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún un fi ránṣẹ́. Kúrò lórí Wi-Fi, fi okùn so kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì fi kún buffer (ibi tí ohùn ń kóra jọ sí díẹ̀ kó tó kọjá) ti ohùn tó ń lọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, kí ló kàn ọ́? O ò gbọ́ ara rẹ mọ́.

Èyí tó há, tẹ̀ lé ohùn láti ẹnu rẹ títí dé redíò. Bẹ̀rẹ̀ láti Windows: pa gbogbo ohun tó ń pe ara rẹ̀ ní ìrànwọ́, boost (èyí tó ń fi agbára kún ohùn), AGC, àti èyí tó ń pa ariwo mọ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn tún máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ, ẹni tó ń gbọ́ ọ á ní ò ń já, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni kó o lọ sórí redíò, rí i pé LAN ni DATA OFF MOD (ibi tí redíò ti ń gba ohùn tó máa fi ránṣẹ́) wà, kí o wá fi LAN MOD Level ṣe ìwọ̀n. Sọ̀rọ̀ bí o ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an, kí ALC (mítà tó ń fi hàn bóyá ohùn ti pọ̀ jù) máa mì láàárín àyè tí wọ́n fàmì sí. Pa COMP (èyí tó ń fún ohùn pọ̀ kó lè lágbára) títí gbogbo èyí á fi tò. Tí ohùn bá ti fọ́ nínú Windows, kò sí bọ́tìnnì tó lè tún un ṣe lórí redíò.

Àgbọ́sọ:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sórí etí ara yín. Ènìyàn kì í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ohùn tí a ń gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, egungun orí wà nínú ohun tó ń gbé e dé etí, ìdí nìyẹn tí ohùn wa fi máa ń dà bíi pé ó tín-ín-rín tí a bá gbọ́ ọ nínú fáìlì. Ẹlòmíràn á tìtorí ẹ̀ máa fi bass kún bass, títí ẹni tó ń gbọ́ ọ nínú ariwo ò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan mọ́.

Ẹ má béèrè pé "báwo lohùn mi?" Ẹni tó ní ìwà á ní ó dùn. Ẹ ka gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ redíò yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pè é ní A àti B, ẹ má sọ ohun tí ẹ yí padà, kí ẹ wá béèrè èwo ló rọrùn láti gbọ́.

Ọ̀nàjíjìn:
Mo ti padà dé. Mo fi fáìlì Etí Ìgbì ránṣẹ́ gba inú redíò, mo sì ní kó gbà á sórí káàdì bí Bàbá ṣe wí. Fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí redíò gbà já níbi mẹ́ta, àárín ọ̀rọ̀ gan-an ló sì ti ń já, kì í ṣe ìparí, nítorí náà àlọ ló jẹ̀bi. Mo ti fi okùn sí i, mo sì fi kún buffer. Kò já mọ́. Híhá náà ti dín kù púpọ̀ látìgbà tí mo ti pa boost, àmọ́ nínú A àti B, ẹni méjì mú A, ẹnì kan mú B.

Ọmọ Àńtẹ́nà:
Ẹni tó mú B, ṣé ibi tó jìn ló ti gbọ́ yín, tí ohùn yín ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pa B mọ́ fún DX, ìyẹn bíbá àwọn tó jìnnà sọ̀rọ̀.

Ṣé Time-Out Timer redíò yẹn (aago tó ń dá ìtàtagbà dúró tó bá pẹ́ jù) wà ní títàn? Ẹ fi sí ìṣẹ́jú 3. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí redíò ń tàtagbà, ẹ ò sí níbẹ̀ láti pa á.