"Ìtọ́jú àkànṣe" kọ́, ìtọ́jú àìmójúkúrò ni

Ẹ̀yin ará mi,

Orúkọ Yorùbá la ń wá fún ibi tí gbogbo Èkó ń pè ní àì-sí-yù (ICU), yàrá tí ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá "yàrá ìtọ́jú àkànṣe", ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́ rí. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá wa lọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lápá Súrùlérè, nọ́ọ̀sì ní, "Mámà ti wà ní ìtọ́jú àkànṣe." Àbúrò bàbá wa fárí gá: "Ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olówó? Wọ́ọ̀dù gbogbogbòò tó wa!" Létí ará Èkó, àkànṣe ni yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n.

"Pàjáwìrì" tí àwọn mìíràn dábàá kò bá a mu rárá. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nìyẹn; èèyàn lè gba abẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹni tó sì mú "yàrá ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run" wá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò kọ ìyẹn sára ilẹ̀kùn kí ìyàwó aláìsàn máa kà á?

Ojú ló ya ibẹ̀ sọ́tọ̀. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì kan lè máa sáré láàrin ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ní àì-sí-yù, ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí yẹ kó ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀, tọ̀sán tòru. Ìfúnpá, ìlù ọkàn, ìtọ̀ pàápàá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Ìtọ́jú àìmójúkúrò ni mo pè é. Ojú ti wà nínú "ìtọ́jú" tẹ́lẹ̀, mo kàn fi òmíràn kún un ni. Bí ẹnìkan bá ní mímójúkúrò tún jẹ́ kéèyàn gbójú fo ẹ̀ṣẹ̀, ó ṣe rẹ́gí: wọn kì í gbójú fo nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí náà ńkọ́? Àwọn kan ní "amúnimí". "Abánimí" ni tèmi. Lọ́dún 1952, ní Copenhagen, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ rọ iṣan tí àwọn aláìsàn fi ń mí. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí wọn lọ́fun, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 1953 ni Ibsen wá dá yàrá kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn jókòó ti aláìsàn, wọ́n ń bá a mí. Ipò wọn ni ẹ̀rọ gbà.

Ìyá wa tó ti inú yàrá náà bọ̀, àì-sí-yù ló ṣì ń pè é.