Ilé kékeré láàárín ìlú, àbí ilé ńlá ní ìpẹ̀kun ìlú? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Méjì-àbọ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí à ń gbé, nítorí mo mọ̀ dájú pé ẹnìkan láti ilé onílé wa wà láàárín wa níbí. (Bí ẹ bá ń kà á, ẹ má bínú. Ilé yín kò ní àbùkù, àwa la pọ̀ jù ú lọ.)

Ọmọ méjì la bí, ẹ̀gbọ́n ti pé ọdún mẹ́fà, àbúrò jẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta ń bọ̀ lọ́nà. Yàrá méjì là ń gbé, kò sì síbi tí ibùsùn ọmọ tuntun máa gbà, àfi ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. A ti wo ilé títí ojú fi ń ro wá, ó wá ku méjì.

Àkọ́kọ́ wà láàárín ìlú. Yàrá mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ̀, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ló sì wà, kò ní àgbàlá. Ilé-ìwé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ibi iṣẹ́ mi kò jìnnà, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí. Èkejì wà ní ìpẹ̀kun ìlú. Yàrá mẹ́rin, ilé tuntun, àgbàlá tí ọmọ lè sáré yíká. Owó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọkọ mi ní ìpẹ̀kun ìlú ni, ó ní ọmọ nílò ààyè. Ọkàn tèmi ń fà sí àárín ìlú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí àgbàlá yẹn, ọkàn mi a tún yí padà. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ tẹ̀lé ọkọ yín. Àwa náà gbé àárín ìlú nígbà tí àwọn ìbejì wà ní kékeré. Bí ọ̀kan bá sunkún, èkejì a jí, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ wa a wá máa fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Ọmọ tí kò ríbi sáré, orí àga ni yóò ti máa fò. Ẹ tún rántí pé ọkùnrin àti obìnrin ò ní jọ sùn nínú yàrá kan títí ayé. Yàrá mẹ́ta tí kò fẹ̀ yẹn, ẹ ó tún há nínú rẹ̀ láìpẹ́, ẹ ó tún máa wá ilé kiri.

Arìnrìn Òwúrọ̀:
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé? Ẹnikẹ́ni ò tíì bi Àǹtí ní ìyẹn. Ìpẹ̀kun ìlú ni mò ń gbé. Ilé mi dára, gbogbo àlejò ló ń yìn ín, èmi gan-an ni mi ò kì í sí nílé láti gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó: bí àlọ bá gba wákàtí kan, tí àbọ̀ gba wákàtí kan, wákàtí mẹ́wàá ni lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ìyẹn ju odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ ó sì ti lò ó, kì í ṣe inú àgbàlá.

Onímọ̀ físíìsì ọmọ Ítálì kan, Cesare Marchetti, kọ ọ́ ní 1994 pé láti ayébáyé, bíi wákàtí kan lèèyàn máa ń ná sórí lílọ-bíbọ̀ lójúmọ́, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi rìn tàbí ọkọ̀ ló wọ̀. Bí ọkọ̀ bá yára sí i, ṣe la kàn ń kó lọ síbi tó jìnnà sí i. Èmi ti kọjá wákàtí kan yẹn tipẹ́, ẹ̀yìn mi sì ń sọ fún mi.

Bí ara ọmọ bá gbóná lójijì ní kíláàsì ńkọ́? Ta ló lè tètè débẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Atòlú:
Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Mo rò pé "àárín ìlú àbí ìpẹ̀kun ìlú" kọ́ ni ìbéèrè gidi. Ohun tó ń kọjá níwájú ilé ni kí ẹ wò. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Donald Appleyard, onímọ̀ ètò ìlú kan, ṣe ìwádìí kan ní San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ó mú òpópónà mẹ́ta tó jọra. Ọ̀kan ń gba bíi ọkọ̀ 2,000 lójúmọ́, èkejì 8,000, ẹ̀kẹta 16,000. Àwọn tó ń gbé òpópónà tó dákẹ́ ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní ìpíndọ́gba láàárín àwọn aládùúgbò wọn. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, 0.9 ni, kò tó ẹyọ kan. Ìlú kan náà ni o. Lójú ọ̀nà tó dákẹ́, àwọn ọmọ ń ṣeré níta, àwọn òbí sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn.

Nítorí náà, ilé àárín ìlú yẹn, ṣé fèrèsé yàrá dojú kọ títì ńlá, àbí ẹ̀yìnkùlé? Ti ìpẹ̀kun ìlú ńkọ́, ṣé títì márosẹ̀ kò kọjá lẹ́yìn rẹ̀? Èéfín ọkọ̀ máa ń nípọn jù láàárín mítà 300 sí 500 sí títì ńlá, ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti ariwo, ẹ̀ka Yúróòpù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 2018 pé kí ti ọkọ̀ má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 53 ní ìpíndọ́gba tọ̀sán-tòru, kó má sì kọjá 45 lóru. Fóònù yín lè wọ̀n ọ́n. Kò péye tó ẹ̀rọ gidi, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ìyàtọ̀ ilé kan sí èkejì.

Ìyá Ọmọ Méjì-àbọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Atòlú, ọ̀rọ̀ ariwo yìí bà mí. Iṣẹ́ òru ni ọkọ mi ń ṣe, ọ̀sán ló fi ń sùn. Fèrèsé yàrá ńlá ti ilé àárín ìlú dojú kọ pápá ìṣeré ilé-ìwé. Èmi ti rò pé ohun tó dára ni, pé n ó máa yọjú wo ọmọ mi.

Ohun mìíràn, ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa nígbà tí mo bá bímọ. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n lè má tètè lọ, n ò sì fẹ́ kí wọ́n tètè lọ.

Màmá Àgbà:
Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà ò bá ti sọ èyí láti òwúrọ̀! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ẹni tí orúnkún ń dùn, aboyún, ọmọ ọdún mẹ́ta tó máa ní kí wọ́n gbé òun, àti ẹrù ọjà. Ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀? Bó bá wà, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Bí ìyá ọkọ yín bá ti gun àkàsọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní sọ̀ mọ́, inú yàrá ni wọ́n máa wà, ẹ̀yin méjèèjì a sì jọ máa wo ara yín láràárọ̀. Ìyàwó ni mo ti jẹ́ rí, mo sì ti di ìyá ọkọ, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tiyín yìí, àwọn èèyàn inú ilé ni kí ẹ wò kí ẹ tó mú ilé. Alágbàtà ilé kò ní sọ òótọ́ fún yín, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tà á. Obìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn tàbí tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ dá dúró lójú ọ̀nà. Ẹ bi í pé omi ń yọ dáadáa àbí kì í yọ, pé ibo ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ bó bá ṣàìsàn lóru, pé ta ló ń pariwo. Ó máa sọ ju ohun tí ẹ bi í lọ.

Ẹ lọ wo ti ìpẹ̀kun ìlú lẹ́yìn òjò ńlá. Ilé tuntun sábà máa ń wà níbi tí àwọn ará àtijọ́ ò kọ́lé sí, ó sì máa ń nídìí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá àmì omi wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìsàlẹ̀ nìkan ní ọ̀dà, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìyá Àwọn Ọ̀dọ́:
Tèmi kúrú. Àgbàlá wúlò títí ọmọ fi tó ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ló ń wá. Àwọn tèmi ti ń lọ sí girama báyìí, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa lálẹ́, èmi ni mo di awakọ̀ wọn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ̀ ń wò. Ọdún mẹ́fà péré ló kù fún ẹ̀gbọ́n, bóyá kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Girama wo ló wà nítòsí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Àwọn ìlú kan wà tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ilé ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí ilé-ìwé. Ẹnu ọ̀nà kan lè bọ́ sí ti ibí, kí ti òdìkejì títì bọ́ sí ibòmíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé gan-an kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá sọ pé wọ́n máa kọ́ ilé-ìwé sí àdúgbò tuntun náà, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n ti ṣí i.

Ọ̀dọ́mọdé Ayálégbé:
Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ yá ilé fún ọdún kan ní àdúgbò tí ẹ fẹ́, kí ẹ mọ bó ṣe rí?

Ìyá Àwọn Ọ̀dọ́:
Àbúrò, ẹ ò tíì kó ẹrù pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rí nìyẹn. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹlòmíràn. Fún ẹni tó máa bímọ láìpẹ́, kíkó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, rárá o.

Bàbá Ìbejì:
Èmi ò tíì yí ohùn padà lórí ààyè o. Ṣùgbọ́n orúnkún Màmá ti gba ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kúrò lọ́wọ́ yín, ariwo pápá sì ti gba ìyókù. Mo wá rí i pé ilé méjèèjì ni kò dára. Ẹ̀gbọ́n Atòlú, ṣé kò sí ohun tó wà láàárín àárín ìlú àti ìpẹ̀kun?

Atòlú:
Ó wà. Àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè tàbí ọ̀nà bọ́ọ̀sì ńlá, ìdúró méjì tàbí mẹ́ta sí àárín ìlú. Ilé ibẹ̀ kì í dán, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá ilé fi ń fò ó kọjá. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti igi ńláńlá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rìn láti ilé dé ibùdókọ̀ fúnra yín pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn lọ́wọ́, torí ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n kọ sínú ìpolówó, ti ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré ni.

Ìyá Ọmọ Méjì-àbọ̀:
Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré, ó kàn wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè nílé yẹn. Mo ti pè wọ́n.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: lọ́jọ́ Ajé, a máa ṣe bí ẹni tó ti ń gbé ìpẹ̀kun ìlú. A máa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó sì ti ẹnu ọ̀nà ilé náà gbéra pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ibi iṣẹ́ mi. Òun ló ní ká ṣe é, ó dá a lójú pé kò ní tó wákàtí kan. Mo ti ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bàa jà lẹ́yìn náà.

Alágbàtà ilé tún sọ fún mi pé ilé ìsàlẹ̀ kan máa ṣófo láìpẹ́ lójú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ti àárín ìlú yẹn, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá. Fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìnkùlé. Yàrá mẹ́ta náà ni, ọ̀kan sì kéré débi pé bẹ́ẹ̀dì kan ló lè gbà. Màmá ló máa ni ìyẹn. Ẹni tó bá ti kó ọmọ mẹ́ta sínú yàrá kan rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tò ó?

Bàbá Ìbejì:
Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún àwọn àgbà, kí ọmọ tuntun wà lọ́dọ̀ yín títí yóò fi máa sùn mọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ẹni ọdún mẹ́ta sùn lájà òkè, ohunkóhun tó bá sọ.