Ìfarakanra kọ́, ẹ̀gbọ́n

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kútọnu túmọ̀ ìbéèrè kan fún wa láti inú èdè Faransé: bí Ọlọ́run kò bá ní ara, báwo ló ṣe lè ṣe ohunkóhun sí ayé tó ní ara? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ orí tí wọ́n fi dé e ni "Ìfarakanra Ọlọ́run Aláìlára pẹ̀lú Ayé". Àbúrò kan láti Sábẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ náà dùn, kí a gbé e fún àwọn olùkọ́. Kí a tó gbé e lọ síbì kankan, ẹ gbọ́ tèmi.

N ò bá ọ̀rọ̀ náà "aláìlára" jà. Ẹni tó bá ní kò tọ̀nà, kó lọ bá aláìlẹ́ṣẹ̀ àti aláìlábàwọ́n wí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà ti ní Ọba Àìrí, ṣùgbọ́n àìrí kì í ṣe àìlára. A kì í rí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ká páànù kúrò lórí ilé. Àwọn tó sì ní ká lo ẹ̀mí, nítorí Bíbélì ní "Ẹ̀mí ni Ọlọ́run", mo gbọ́ wọn; ibo wá ni ẹ̀mí ti jáde bí kò ṣe inú mí? Ohun tó bá ń mí, ara ló fi ń mí. Ẹ jẹ́ kí aláìlára dúró.

Ìfarakanra ni mo bá wí. Ẹ tú u wò: fi ara kan ara. Ẹ sọ pé Ọlọ́run kò ní ara, ẹ tún wá ara kan yá a kó fi kan ti ayé. Ta ló ni ara àkọ́kọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ yín ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó dé. Ẹni tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́, ẹ ti bá a ṣe é tán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ ọ́ ní "ìfarakànra", ohùn ìsàlẹ̀ orí kàn kì í dúró bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ọmọdé mọ ìyẹn. Àmọ́ bó ti di kanra yẹn, ìkanra ni mo ń gbọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí inú mi fi ń ru.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ní àyè tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, wọ́n kàn gbé e jókòó sórí àga ẹlòmíì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1643, Elisabeth, ọmọba Bohemia, kọ̀wé sí Descartes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé. Descartes ti ní ohun tó ń rò ni ọkàn, kò ní ara. Ohun tó tẹ́ rẹrẹ tó gba àyè ni ara ní tirẹ̀. Elisabeth bi í pé báwo wá ni ọkàn ṣe ń mú ara rìn? Ohun tí yóò ti nǹkan lọ ní láti kàn án, ohun tí kò sì gba àyè kò lè kan nǹkan. "Attouchement" ni ọ̀rọ̀ tó lò. Ìfarakanra nìyẹn gẹ́lẹ́! Ó lò ó láti fi hàn pé kò ṣeé ṣe ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá mú orúkọ ìdènà, wọ́n fi sọ ẹni tó fẹ́ kọjá.

Descartes dáhùn pé kó wo ìwúwo: òkúta ń já bọ́, kò sẹ́ni tó rò pé ìwúwo rẹ̀ na ọwọ́ láti tì í. Kò wọ Elisabeth létí. Ní oṣù Kẹfà ó kọ ọ́ padà pé ó rọ òun lọ́rùn láti gbà pé ọkàn ní ara ju kí òun gbà pé aláìlára lè mú ara rìn. Lójú tèmi, ó borí Descartes. Kò borí ọ̀rọ̀ náà.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, Porto-Novo, wọ́n fi kéú tọ́ mi ni, orúkọ tí àwọn àfáà wa kì í sì í jẹ́ kó tutù lẹ́nu ni Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111. Òwú àti iná ni tirẹ̀. A rí iná tó kan òwú, a rí òwú tó jó. Pé iná ló jó o, ojú ta ló rí ìyẹn? Ọlọ́run ló ń jó o, ni Ghazali wí. Ẹ rí i bó ṣe yí tábìlì padà: ìfarakanra kò fi ìgbà kan ṣiṣẹ́, àní láàárín ohun méjì tó ní ara. N ò ní bá a rìn dé òpin ọ̀nà yẹn, torí bí iná kì í bá jó nǹkan, ta la ó bá wí bí ilé bá jó? Síbẹ̀, ó ti kan ibi tó ń ro wá. Newton, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, náà fi hàn ní 1687 pé oòrùn ń fa ayé, a sì mọ̀ pé nǹkan bí àádọ́jọ mílíọ̀nù kìlómítà ló wà láàárín wọn. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àlùfáà kan, Bentley, ní 1693 pé kò bọ́gbọ́n mu kí ohun aláìlẹ́mìí ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò kàn láìsí nǹkan kan láàárín. Ìṣirò rẹ̀ kò dúró dè é.

Olùkọ́ físíìsì tó wà láàárín wa ní agbára kì í ti òfo wá, pé bí Ọlọ́run bá ta ewé kan, agbára ayé ti lé sí i. Ohun tí a sé mọ́ ni òfin yẹn wà fún, sà. Bóyá wọ́n ti sé ayé mọ́ Ọlọ́run síta, ohun tí à ń jiyàn lé nìyẹn, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Kí la ó wá máa pè é? Ìdásí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ará ilé ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando, ọlọ́kadà kan yọ̀ níwájú tírélà. Akoto rẹ̀ yí lọ sínú gọ́tà, epo pupa tó gbé sẹ́yìn bo ọ̀dà, táyà tírélà dúró sí etí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò, ó ní "Ọlọ́run dá mi sí." Ìyá elépo ní "Ọlọ́run ló dá sí i." Kò sí ara nínú rẹ̀, kò sí kàn. À ń dá sí ìjà láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ohùn ẹnu náà ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá kó tó dé etí, pé mo kàn gbé ara pamọ́ ni. Kó wí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ìdásí fi ìbéèrè sílẹ̀ ní ṣíṣí.

 

Bàbá wa ní Kétu nìkan ló dá mi dúró. Wọ́n ní kí a tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan, ṣebí Atẹ́rẹrẹ-káyé ni àwọn baba wọn ń ki Ọlọ́run. Henry More, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tó sún mọ́ ọn fún Descartes ní 1648, pé Ọlọ́run náà tẹ́ rẹrẹ, kò síbi tí kò dé. Bàbá, bí ó bá tẹ́ rẹrẹ káyé, ṣé ẹ ń sọ pé ó ní ara ni, àbí títẹ́ rẹrẹ wà tí kì í ṣe ti ara?