Kí ẹ tó buwọ́ lu lẹ́tà secondment: ohun tí ojú mi rí ní Leeds

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọ́díìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé àwọn tó ń retí lẹ́tà secondment, ìyẹn lẹ́tà tí iléeṣẹ́ fi ń yá òṣìṣẹ́ fún ẹ̀ka mìíràn fún ìgbà díẹ̀, pọ̀ nínú wa lásìkò yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí nígbà tí mo ń lọ, gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà mí kò ju kí n ra kóòtù tó nípọn lọ. Kóòtù ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Ọ́fíìsì wa ní Victoria Island ló yá mi fún ẹ̀ka wọn ní Leeds, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àsìkò tí iṣẹ́ máa ń wọ̀ wá lọ́rùn bí ọdún ìṣirò ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bá ti parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ìparí ọdún 2023 ni mo gúnlẹ̀. Físà Senior or Specialist Worker ni mo fi wọlé. Ẹni tó bá ti lo ó kéré tán oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ iléeṣẹ́ kan náà nílé ló sábà máa ń rí i gbà, bó sì ti wù kí èèyàn pẹ́ lórí rẹ̀ tó, kì í sọ ni di onílé níbẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi, mo ṣàlàyé fún àwọn àbúrò bàbá mi, wọn ò gbà. Lójú tiwọn, mo ti jápa nìyẹn. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń bi mí nígbà tí màá mú àbúrò mi wá.

Lẹ́tà gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nínú tèmi, owó oṣù mi dúró sí Èkó ní náírà, ọ́fíìsì Leeds wá ń fún mi ní owó ìgbọ́bùkátà ní pọ́n-ùn, wọ́n sì ń san owó ilé. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ lọ, ẹ̀ka mìíràn ló ti wá. Wọ́n kọ owó ìgbọ́bùkátà tirẹ̀ sínú lẹ́tà ní náírà, wọ́n ní àwọn á máa ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn lóṣooṣù. Nígbà tó ń buwọ́ lù ú, iye náà ga lójú. Ẹ sì rántí pé ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Nígbà tó di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, ó tún já wálẹ̀ lójijì: dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 900 náírà ní ọjà ìjọba kọjá 1,400 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọmọ yìí fi ń jẹun wọmi, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan ò yí padà nínú lẹ́tà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nínú òtútù nítorí owó bọ́ọ̀sì.

Inú bí mi gan-an. Akántáǹtì ló kọ lẹ́tà yẹn, akántáǹtì ló fọwọ́ sí i. Àwa tá a máa ń bi oníbàárà léèrè lọ́dọọdún nípa ewu tó wà nínú pàṣípààrọ̀ owó, a wá gbé ewu náà ka orí ọmọ tó kéré jù lọ nínú ọ́fíìsì. A jọ jókòó kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. A ò bú ẹnikẹ́ni. A kàn to ohun tó gbà ní oṣù Kejìlá sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó gbà ní oṣù Kejì, a fi owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sí i. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ inú oṣù Kẹta kí wọ́n tó yí i sí pọ́n-ùn. Èyí tó ti lọ, wọn ò dá a padà. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ owó tó wà nínú lẹ́tà yín kí ẹ tó wo iye rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Láti ọdún 2012 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá wa ti ń lo IFRS, ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń lò, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nílé ò ní já yín kulẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ aládàáni wọn, torí FRS 102, ìlànà ìṣirò tiwọn níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó goodwill (ohun tí iléeṣẹ́ san lé iye ohun ìní iléeṣẹ́ tó rà) kúrò nínú ìwé lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé lábẹ́ IFRS, yíyẹ̀ ẹ́ wò là ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye rẹ̀ ti dínkù. Ẹ ka FRS 102 nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Kí ọdún tó parí, wọ́n rán mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ka ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí oníyìnyín kan. Ẹ mọ̀ pé ISA 501, ọ̀kan nínú ìlànà ọ́díìtì àgbáyé, ní bí ọjà bá tóbi lára ohun ìní iléeṣẹ́, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń kà á. Mo ti ka àpò sìmẹ́ńtì nínú oòrùn ìpínlẹ̀ Ògùn rí, kò jọ ti Leeds rárá. Inú ibẹ̀ tutù kọjá ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ tó bò mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Mo fa bírò yọ láti kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́, kò kọ. Yíǹkì ti dì nínú rẹ̀. Arákùnrin tó ń wa fọ́kílíìfù na pẹ́ńsù sí mi láìsọ̀rọ̀, ó hàn pé èmi kọ́ ni àkọ́kọ́.

Mo ń mú ọjà láti inú ìwé wọn lọ wò lórí pẹpẹ, mo tún ń mú láti orí pẹpẹ lọ wá nínú ìwé. Bí mo ṣe dé ìlà kan tí wọ́n to páálí ẹja dídì sí, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, orúkọ iléeṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń bá ẹlòmíì tọ́jú rẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n ti kà á mọ́ tiwọn.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, orí rẹ̀ funfun gbòò. Nílé, màá kúnlẹ̀ kí i ná, màá pè é ní sà, màá fi ìbéèrè mi pamọ́ títí ọ̀gá mi á fi dé. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti ní kí n máa pe orúkọ òun. Mo bi í pé ta ló ni ẹja yìí. Ó wò ó, ó ní òun ò rí i tẹ́lẹ̀, ó lọ mú ìwé àdéhùn wá. Kò rí i bí àrífín, kò sì bínú sí mi dọ̀la. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ìkọ́lé Carillion, tí ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ìṣirò rẹ̀, ti wó ní oṣù Kìíní ọdún 2018, àjọ FRC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣọ́ iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀, ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọ́dítọ̀ létí pé kí wọ́n má kàn máa gba àlàyé gbọ́. Àwa náà ní FRC tiwa láti ọdún 2011. Mo fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ wa, mi ò ní fi sílẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n ẹ kúnlẹ̀ tán kí ẹ béèrè.

Oúnjẹ ò le. Mo ń rí iṣu àti ata rodo rà lọ́jà Kirkgate, níbi tí Michael Marks, ẹni tó dá iléeṣẹ́ ìtajà Marks & Spencer sílẹ̀, ti pàtẹ ọjà pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1884. Àlejò tó wá láti òkè òkun lòun náà.

Ó ku owó orí. 12,570 pọ́n-ùn àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá pa láàárín ọdún owó orí, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, kò ní owó orí nínú. Tẹ́ ẹ bá rí kóòdù 0T lórí ìwé owó oṣù yín dípò 1257L, wọn ò tíì fún yín ní ànfààní yẹn, ẹ pe HMRC, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀. Bí wọn ò bá rò pé iṣẹ́ náà máa kọjá oṣù 24, owó ilé àti ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ bá san lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí. Ti National Insurance, ìyẹn owó ìdójútòfò ìjọba tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù, ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀: ẹni tí iléeṣẹ́ tilé rán wá fún ìgbà díẹ̀ láti orílẹ̀-èdè tí kò bá wọn ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, bíi Nàìjíríà, kì í san án fún ọ̀sẹ̀ 52 àkọ́kọ́. Wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó tèmi. Mo fi ìlànà HMRC ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣírò owó oṣù pẹ̀lú lẹ́tà secondment mi, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ gba P45, ìwé tó ń fi owó tẹ́ ẹ gbà àti owó orí tẹ́ ẹ san hàn, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù P85, tó ń sọ pé ẹ ti kúrò nílùú, ránṣẹ́ sí HMRC, torí ẹni tó bá kúrò láàárín ọdún sábà máa ń ní owó tí wọ́n máa dá padà fún un. Ẹ má tíì ti àkáǹtì báńkì yín níbẹ̀ pa títí owó yẹn á fi wọlé. Tèmi pẹ́ díẹ̀, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó kó tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Dubai, ẹ bá wa sọ owó tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà tiyín, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí wọ́n máa béèrè fún.