Ilé tí a kọ́, tó yẹ kó kọ́ ọmọ: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àǹtí Ìbàrà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá mi dá sí i.

Àwọn olùwádìí kan wá sí Abẹ́òkúta láti yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí kò ní fi iná àti omi ṣòfò, èyí tí wọ́n ń pè ní green building, lè kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní nǹkan láìjẹ́ pé tíṣà la ẹnu. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò ní máa ba ọmọdé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Owó ibẹ̀ kò burú, oúnjẹ ọ̀sán sì wà (ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́).

Ilé-ìwé tí a lọ, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé kíláàsì kan síbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, sólà wà lórí òrùlé, táńkì omi òjò wà lẹ́yìn, fèrèsé kọjú sí fèrèsé. Wọ́n wá kan pátákó ńláńlá mọ́ ara ògiri, wọ́n kọ bí ilé náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i lára, ní gẹ̀ẹ́sì tó lè ká èèyàn léyín. Mo jókòó ti àwọn ọmọ JSS 1, mo ní, "Kí ni ilé yìí ti kọ́ yín?"

Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọkùnrin kan wá nawọ́: "Àǹtí, wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kó wa wá kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ó bi mí pé kí lọmọ náà wí. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Mo wo awò yẹn o, kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.

Wọ́n lu aago oúnjẹ, ọmọbìnrin kékeré kan wá fà mí láṣọ. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé kíláàsì àtijọ́, ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ògiri. Mo gbé e lé e. A tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí n tún gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Ìkìjà là ń gbé, lẹ́bàá Olúmọ. Láàárọ̀, àpáta yẹn máa ń tutù bí omi inú àmù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á ti wọ̀, òun á ṣì máa gbóná. Bí ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Tá a bá ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, mi ò kì í jókòó tì í."

Kò sí pátákó kankan lára ògiri àtijọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní ohun tó sọ. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èyí ni mo máa ń tún kà.

Ẹ wá sọ tiyín. Ilé wo ló ti kọ́ yín ní nǹkan rí, tàbí tó yẹ kó kọ́ yín tí kò kọ́ yín?

Bíríkìlà Adìgbẹ

Àǹtí, ẹ káre. Bíríkìlà ni mí, mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí ẹlòmíì nínú yín tó já lẹ́nu ọmú.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa. Wọ́n gbé ìwé dání, wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mọ erùpẹ̀ tó dáa. Mo ní kí wọ́n lọ wá ìgò ẹ̀pà tó ti ṣófo wá. A bu erùpẹ̀ sí i dé ìdajì, a rọ omi kún un, a fún iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo ní kí wọ́n máa mì ín kí wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Yanrìn kọ́kọ́ rì, kó tó tó ìṣẹ́jú kan. Erùpẹ̀ kúnná tẹ̀ lé e. Amọ̀ ni kò tètè rí ibi jókòó, omi ṣì dúdú títí dọjọ́ kejì. Wọ́n padà wá láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ti to lé ara wọn bíi kéèkì ọjọ́ ìbí. Mo ní kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n: bí amọ̀ bá pọ̀ jù, búlọ́ọ̀kù á sán, bí yanrìn bá pọ̀ jù, á máa ṣí lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ti ka ibi yẹn nínú ìwé ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò yé àwọn rí.

Sìmẹ́ńtì tí à ń fi sí i kéré, hẹ́dípáànù kan sí erùpẹ̀ bíi méjìlá. A kì í fi igi sun ún. A ó fi ọ̀rá bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Ẹni tí kò ní sùúrù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀ máa ń fọ́, á wá ní amọ̀ ni kò dáa.

Ohun tó wá ń dùn mí rèé. A mọ ògiri tó dán, tó pọ́n, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Onílé dé, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi rẹ́ ẹ o, káwọn èèyàn má baà sọ pé ilé amọ̀ ni mo kọ́." A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Ta ló máa wá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Àbíkẹ́ Ọmọ Ifẹ̀

Bàbá bíríkìlà, mo bá yín kẹ́dùn, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà kò sì kéré.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá dé ọ̀hún rí yóò mọ ilé Humanities, èyí tí àjà òkè rẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá fi agbòòrùn bo àbúrò. Abẹ́ rẹ̀ la máa ń sá sí tí oòrùn bá mú, òjò rọ̀ bá wa níbẹ̀ a ò tutù. Mo rò pé àṣejù ayàwòrán ilé lásán ni. Ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé ọmọ Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ló ya àwòrán rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí àjà kọ̀ọ̀kan lè máa ṣíji bo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba àárín kọjá. Ọdún mẹ́rin! Kò sí olùkọ́ kan tó gbójú sókè kó ní, "Ẹ wò ó."

Nísinsìnyí, tí mo bá kọjá ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ tí mo rí ilé onígíláàsì tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá wọ̀ ọ́ tààrà, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ ó rí wọn níta, wọ́n á máa fi fáìlì fẹ́ ara wọn.

Bàbá Ọbàǹtokò

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n bù iyọ̀ sí i.

Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ ní àwọn ti di ilé-ìwé aláwọ̀ ewé. Wọ́n fi owó kún owó ilé-ìwé. Sólà dé, òdòdó dé, wọ́n pe àwọn èèyàn wá ya fọ́tò. Kò pé ọdún méjì, bátìrì kú. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe kò sí lágbègbè. Jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo ní ẹ̀yìn kíláàsì báyìí, pátákó "A fẹ́ràn àyíká wa" ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé tí wọ́n kọ́ yẹn kò kọ́ ọmọ mi ní nǹkan kan. Èmi tí mò ń sanwó ló kọ́ lọ́gbọ́n.

Ẹ rántí ilé-ìwé orí omi ní Makoko. Kúnlé Adéyẹmí ló ya àwòrán rẹ̀, gbogbo ayé ló ń yìn ín, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2013. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2016, ó ti wó sínú omi. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dán nǹkan tuntun wò o. Ohun tí mò ń bi yín ni pé: lọ́jọ́ tí àwọn tó ya fọ́tò bá ti lọ, ta ni yóò gun òrùlé?

Àǹtí Ìbàrà

Bàbá, ìbéèrè yín yìí gan-an ni a fi ọjọ́ kẹta jà lé lórí. Ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà fi àwòrán ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan hàn wá ní Gando, ní Burkina Faso. Francis Kéré tó kọ́ ọ lọ́dún 2001, ọmọ abúlé náà ni. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì gbé páànù ga kúrò lórí àjà kí ooru lè ráàyè jáde. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ: ọmọdé ń ru òkúta, àwọn obìnrin ń pọn omi wá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà ládùúgbò. Lọ́dún 2022, ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé, bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀; kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀.

Ní ti ilé-ìwé tí a lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ, òkèèrè ni wọ́n ti wá. Wọ́n kó irin-iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi táńkì, ìyẹn náà nítorí pé ó ń fi fọ ọ̀kadà rẹ̀.

Ẹ̀gbá ní Ohio

Ìlú tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin kò jìnnà sí mi. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, Adam Joseph Lewis Center. David Orr, tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà, ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé fúnra rẹ̀ ń kọ́ni, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ni wọ́n ń darí gba inú àwọn ọpọ́n tí ewéko kún. Mo wọlé, mo ti fẹ́ dí imú, òórùn ewé tútù ni mo gbọ́. Mo rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Láfẹ́ńwá níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti máa ń yọ jù nídìí ibi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí. Màmá mi àgbà mọ ìdí rẹ̀, kàn jẹ́ pé kò gbé pátákó síbẹ̀.

Tíṣà Asérò

Èmi ò rí olùwádìí kankan o. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn SS 1. Ilé-ìwé tiwa kì í ṣe aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìpẹtà ni. Ó wà lára àwọn òrùlé pupa tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá dúró lórí Olúmọ tí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga wa gbẹ nígbà kan, àwọn ọmọ ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀, gbogbo wa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń wo omi tó ń ṣàn láti orí páànù lọ sínú gọ́tà. Mo ní, ẹ jẹ́ ká mọ iye ohun tí à ń dà nù.

A gé orí agolo kan tó gún régé láti ìdí dé ẹnu, a gbé e sí àárín pápá níbi tí igi ò ti bò ó. Tí òjò bá dá, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́. Ohun tí rúlà bá sọ ni òjò tó rọ̀. Tọjọ́ náà jẹ́ mìlímítà 25. Àwọn ọmọ kan mú okùn, wọ́n lọ wọn ilé kíláàsì: gígùn mítà 20, ìbú mítà 8.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ní, "Mà, ilẹ̀ lẹ wọ̀n. Páànù dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ ká wọ̀n?" Kíláàsì pín sí méjì. Mi ò tètè dáhùn. (Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ ń rò ó fúnra mi.) Ọmọbìnrin kan gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ó ní ká wo òjìji rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá dà á gẹ̀rẹ́. Òjìji kéré sí i. Ó ní, "Ìwé ò dín, ṣùgbọ́n òjò tí yóò bà á ti dín. Òjò tí kò bá kan ìwé, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń kàn." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ilẹ̀ tí òrùlé bò la wọ̀n.

Mítà 20 lọ́nà 8 jẹ́ 160. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, lítà kan ni. Ẹ fi 25 sọ 160 di púpọ̀: lítà 4,000. Wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pín in, ó jẹ́ 160 kẹ́ẹ̀gì, láti inú òjò kan ṣoṣo, lórí ilé kan ṣoṣo. Ẹ ò gbọ́ ariwo tó sọ! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta omi ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà ìyá mi jẹ́ ni?"

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dé inú dúrọ́ọ̀mù o, àwọn míì á ta dànù, páànù tó gbóná á gbé díẹ̀. Tí ọyẹ́ bá sì ti kọjá, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò ná. Tiwa ti dípẹtà, a kì í mu ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti pápá la fi ń fọ̀, la fi ń bomi rin. Dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ báyìí. Káfíńtà tó jẹ́ bàbá ọ̀kan nínú wọn ló kan gọ́tà páànù náà, ọmọ rẹ̀ ló di àkàbà mú.

Bàbá Ọbàǹtokò

Èyí yé mi. Tíṣà, ẹ wá máa kọ́ àwọn ọmọ mi.

Àǹtí Ìbàrà

Tíṣà, ṣé mo lè ka ohun tí ẹ kọ yìí sí etí ọ̀jọ̀gbọ́n wa? Ó ṣì máa ń pè mí, ó ní òun fẹ́ padà wá kí òjò tó dá.

Tíṣà Asérò

Kó wá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé àwọn ọmọ yóò ní kó di okùn mú.

Bíríkìlà Adìgbẹ

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, agolo wo lẹ lò? Mo fẹ́ gbé ọ̀kan sí ibi tí mo ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Òjò ti bà mí lójijì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí.

Tíṣà Asérò

Agolo mílíìkì ńlá ni, bàbá. Tí ẹ bá gé e tán, ẹ fi òòlù lu etí rẹ̀ wọlé, kó má baà ya yín lọ́wọ́. Ó ya èmi.