Gọ́ọ̀fù: kí ni mò ń ṣe tí irin (ọ̀pá tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù) mi fi ń gbẹ́ ilẹ̀ nítòsí gíríìnì, ibi tí ihò wà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí gọ́ọ̀fù. Orí bíráùn, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, ni mo ti kọ́ eré yìí. Ní báyìí tí mo ti bọ́ sórí gíríìnì oníkoríko, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Tó bá ku bíi yáàdì 15, wẹ́ẹ̀jì onídígírì 56 mi, irin tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè, á gbẹ́ ilẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù. Nígbà mìíràn, etí irin á bà á láàárín, á sì fò kọjá gíríìnì. Ọ̀gangan ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù sí, mo sì ń ti ọwọ́ síwájú gan-an. Ṣé ìyẹn ló fà á? Ṣé kí n gbé e wá sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n fara ti ẹsẹ̀ òsì? Àbí kí n kúkú mú irin 8, kí bọ́ọ̀lù máa yí lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, ó ń dùn mí gan-an.